Àṣìṣe Lára Kọ́bọ̀: Bí A Ṣe Lè Dá Àṣìṣe Ilé Ìrọwó Mọ̀ Lára Owó Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìlà pupa kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà kan tí a ń yẹ iṣẹ́ àkànṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, a bá gbólóhùn kan pàdé nínú ohun tí ọmọ kan kọ nípa owó àtijọ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ìyá àgbà òun fi kọ́bọ̀ oníhò kan han òun, pé orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ni a kọ sí i lára, àti pé ọdún 1936 ni ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. A fa ìlà pupa sí i. Ohun tí ó mú wa ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé a ti kà á nínú ìwé pé Edward Kẹjọ kò pé ọdún kan lórí oyè, àti pé wọn kò ná owó rẹ̀ ní ìlú òyìnbó rárá. A tilẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, 'Kò sí irú owó bẹ́ẹ̀.' Máàkì méjì ni a yọ.

Irú owó bẹ́ẹ̀ wà. Ó pọ̀ pẹ̀lú. Àwa ni a ṣìṣe. Ọmọ náà kò ṣìṣe, ilé tí wọ́n ti rọ owó náà kò sì ṣìṣe. Láti ìgbà tí ojú wa ti là sí èyí ni a ti ń bi ara wa léèrè pé kí ni à ń pè ní àṣìṣe gan-an lára owó. Ìbéèrè náà kan olùkọ́ Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Owó wà lára ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ àṣà. Onínì, ẹ̀pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè sì wà nínú ìtàn àròsọ àti nínú àkànlò èdè tí à ń bi wọ́n léèrè nínú ìdánwò. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà lára owó wọ̀nyí kò ní mọ ìgbà tí ọmọ bá sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ó ti rí i pé àṣìṣe lára owó kì í ṣe ohun àtayébáyé láàrin wa. Ogójì ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó ń di ẹgbẹ̀wá. Bí ẹgbẹ̀wá bá sì pé mẹ́wàá, ó di ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọgọ́fà ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, èyí tí í ṣe okùn mẹ́ta géérégé. Nínú ọgọ́fà ẹyọ yẹn, kò sí méjì tí ó jọra délẹ̀délẹ̀. Ọ̀kan tóbi, èkejì kéré. Ọ̀kan funfun, èkejì pọ́n díẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọlọ́jà kan tí yóò wo ẹyọ kí ó sọ pé òkun ṣe àṣìṣe. Bí ẹyọ bá fọ́, ó fọ́ ni. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé, tí ó sì ṣe ìlérí pé gbogbo kọ́bọ̀ ni yóò jọ ara wọn bí ìbejì, ni ó tó ṣeé ṣe fún wa láti rí èyí tí kò jọ àwọn yòókù kí a sì pè é ní àṣìṣe.

Ẹ̀rọ náà kò sí nítòsí wa. Ìlú òyìnbó ni ó wà, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń kó owó náà wá. Ojú irin kọjá Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, owó onírin sì ń bá a rìn wọ àwọn ọjà ẹsẹ̀ ọ̀nà. Ní 1904 ni ìjọba fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọ ìlú. Ní 1907 ni wọ́n rọ owó kéékèèké tí a kọ orúkọ Nàìjíríà sí lára: odidi kọ́bọ̀ kan, àti èyí tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Èyí tí ó kéré yìí ni àwa Yorùbá ń pè ní onínì, tí àwọn Haúsá ń pè ní anini. Kò sí ohun tí ó mú kí wọ́n rọ owó tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ju pé owó ẹyọ ti mọ́ àwọn ènìyàn lára, tí wọ́n sì ń fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi ra ata díẹ̀ tàbí ẹ̀kọ kan.

Onínì àkọ́kọ́ yìí, álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ọ́. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, nígbà tí ó sì di 1908 wọ́n yí i padà sí àdàlú bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Bí a bá fẹ́ wá àṣìṣe àkọ́kọ́ lára owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ wa, èyí ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́. Ẹni tí ó bá rí onínì 1907 tí ara rẹ̀ ti ṣe ihò wúruwùru, kí ó má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ti inú ẹ̀rọ jáde.

Ohun kan tún wà níbí tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè ṣe àkíyèsí. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí bàbà ni a ti yá kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn òbí wa ná láti 1907 títí di 1951 kò pọ́n bíi bàbà rárá. Funfun ni, nítorí níkẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú rẹ̀. Ó di 1952 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kọ́bọ̀ pupa fún wa. Ó jọ pé ara kọ́bọ̀ pupa àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ dé etí òkun ni orúkọ náà ti wá, tí ó sì lẹ̀ mọ́ owó funfun nígbà tí ìyẹn dé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ ọ́ pé kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ funfun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ bá a jà.

Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa bójú tó owó ilẹ̀ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pa pọ̀. Láti 1913 ni owó fàdákà ti ìgbìmọ̀ yìí ti ń jáde: tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti ṣílè méjì alódidi. Nígbà tí fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n yí wọn padà sí idẹ ní 1920. Ìjọba Ẹ̀gbá tí ó ń dá dúró ti parí ní 1914. Owó orí dé tẹ̀ lé e, Ogun Àdùbí sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1918. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí owó orí obìnrin ní 1947, tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣáájú wọn, kọ́bọ̀ àti ṣílè wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń ṣírò lọ́jà kí wọ́n tó lè san án. A sọ èyí kí a má baà rò pé ohun ìṣeré ni à ń wò. Owó tí ènìyàn làágùn kí ó tó rí i ni.

Báwo wá ni àṣìṣe ṣe ń wọ inú rẹ̀? Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta kò ní ṣòro fún láti mọ èyí. Wọn a gé àwòrán sára páànù, wọn a tẹ́ páànù náà lé orí aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ kùn ún kí ó lè gba ojú àwòrán náà dé ara aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ yóò wọ inú aró. Bí ẹni tí ó gé páànù bá gé ìyẹ́ ẹyẹ kan kúrú, gbogbo aṣọ tí a bá fi páànù náà ṣe ni ẹyẹ oníyẹ̀ẹ́ kúkúrú yóò wà lára wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí ó ń kun ẹ̀kọ ni ó yẹ̀ ní ọjọ́ kan, aṣọ kan ṣoṣo ni yóò fi í hàn. Bí aṣọ náà bá sì ti ní ihò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aládìrẹ, ẹjọ́ aṣọ ni, kì í ṣe ẹjọ́ páànù tàbí ti ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó. Òǹtẹ̀ irin líle méjì ni ó dúró fún páànù, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Irin pẹlẹbẹ róbótó tí wọ́n ti gé sílẹ̀, tí wọ́n sì ti lu ihò sí bí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀ oníhò, ni ó dúró fún aṣọ. Ẹ̀rọ a gbé irin náà sí àárín òǹtẹ̀ méjèèjì, a sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá. Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin yóò ṣàn wọ inú ibi tí ó sán, a ó sì rí ìlà tí ó yọ sókè lára gbogbo owó tí òǹtẹ̀ náà bá tẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń gé irin ni àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀, a lè rí owó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ bí ẹni fi eyín gé e, tàbí kọ́bọ̀ tí ihò rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí èyí tí kò tilẹ̀ ní ihò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà títẹ̀ ni, àwòrán yóò yẹ̀ kúrò láàrin, a ó sì rí bèbè irin lásán ní apá kan. Nígbà mìíràn owó tí wọ́n ti tẹ̀ a lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ kan. Owó tí ó bá tẹ̀ lé e yóò ní àwòrán ojú kan náà ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìhà kejì yóò jìn wọnú, àwọn lẹ́tà rẹ̀ yóò sì kọjú sódì, bí ìgbà tí a bá dojú páànù àdìrẹ dé.

Àwọn ohun kan wà tí ènìyàn máa ń pè ní àṣìṣe tí wọn kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo kọ́bọ̀ àtijọ́ yóò rí lẹ́tà H kékeré lára àwọn kan, yóò rí KN lára àwọn mìíràn, àwọn kan kò sì ní àmì kankan. A ti gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé KN yìí jẹ́ àṣìkọ, pé orúkọ Kano ni wọ́n fẹ́ kọ tí wọn kò parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. H dúró fún ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, KN sì dúró fún ilé iṣẹ́ irin Kings Norton ní agbègbè kan náà. Èyí tí kò ní àmì, ilé ìrọwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti wá. Àmì àwọn alágbẹ̀dẹ ni, gẹ́gẹ́ bí oníṣọ̀nà wa náà ṣe máa ń ní ọnà tí a fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí ni ó gbé wa dé 1936. Ọba George Karùn-ún wàjà ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún náà, ọmọ rẹ̀ Edward sì gun orí oyè. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún kan náà, Edward fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya. Ní ìlú òyìnbó, orí ọba ni ó máa ń wà lára owó, yíya àwòrán orí náà àti gbígbẹ́ rẹ̀ sára òǹtẹ̀ sì ń pẹ́. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ọba ti lọ. Nítorí náà orí George Karùn-ún ni ó wà lára owó wọn ti 1936 títí ọdún fi parí. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ní ihò láàrin. Kò sí ibi tí a lè gbé orí ọba sí. Adé ni ó wà lókè ihò, orúkọ ọba sì yí i ká. Ní ẹ̀yìn, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni ó yí ihò náà ká. Ẹni tí ó bá ti pààrọ̀ orúkọ George sí Edward ti ṣe iṣẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé onínì, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ ti Edward Kẹjọ wọ ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1936, láti ilé ìrọwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tí ó ń ta gààrí ní Láfẹ́nwá lè di owó Edward mọ́ etí aṣọ rẹ̀ nígbà tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí i fi ra búrẹ́dì. Òun ni ìyá àgbà ọmọ yẹn fi hàn án, òun ni àwa sì fa ìlà pupa sí.

Nínú owó Edward yìí kan náà ni àṣìṣe gidi kan wà, èyí tí a lè pè ní àṣìṣe ilé ìrọwó láìṣe iyèméjì. Ní ọ̀dọ̀ Heaton ni wọ́n tún ti ń rọ owó oníhò fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń ná ṣílè àti sẹ́ńtì. Sẹ́ńtì mẹ́wàá tiwọn fẹ̀ tó kọ́bọ̀ tiwa, àfi bí ìwọ̀n irun. Ihò wà láàrin rẹ̀, adé wà lókè ihò, orúkọ Edward sì yí i ká. Àwọn kọ́bọ̀ kan wà tí a kọ 1936 sí, tí wọ́n ní àmì H, tí ẹ̀yìn wọn jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, ṣùgbọ́n tí ojú wọn jẹ́ ti sẹ́ńtì mẹ́wàá Ìlà-Oòrùn. Ẹni tí ó to òǹtẹ̀ sínú ẹ̀rọ mú ọ̀kan ti ọ̀hún, ó fi pọ̀ mọ́ ọ̀kan ti ìhín. Kò sí ohun tí ó dá ẹ̀rọ dúró, nítorí pé àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Ojú ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn ọ̀tọ̀.

Ní tiwa, a kò mọ ẹ̀rí mìíràn tí ó fi bí wọ́n ṣe ń rọ owó wa hàn ju èyí lọ. Àwọn ìwé òfin ìgbà náà sọ̀rọ̀ nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ẹni pé ilé kan gbòógì ni, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa Ìlà-Oòrùn bákan náà. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì kan ní Birmingham, òǹtẹ̀ owó Ìtòkú àti òǹtẹ̀ owó Mombasa jọ sùn ti ara wọn, ẹni tí ó sì ń mú wọn kò rí ìyàtọ̀. Bí kò bá ṣe àṣìṣe yìí, a kì bá tí mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí owó àwọn aláwọ̀ dúdú ni irú èyí fi ṣẹlẹ̀. Ní 2008, ilé ìrọwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Llantrisant ní ilẹ̀ Wales yí àwòrán owó tiwọn padà. Lára ogún pẹ́ǹsì àtijọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ọdún sí; lára tuntun, ọdún wá sí ojú, ní ẹ̀gbẹ́ orí Ọbabìnrin. Ẹnìkan fi òǹtẹ̀ ojú ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ti tuntun, ogún pẹ́ǹsì tí kò ní ọdún kankan lára sì jáde. Wọ́n fojú bù ú pé iye rẹ̀ wà láàrin 50,000 sí 200,000. Ṣéńjì ọjà ni wọ́n ti ń rí i, bí ẹni tí ó ra nǹkan ní Peckham ti lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní Glasgow. Ṣáájú èyí, ní 1983, wọ́n ti lo òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tí a kọ NEW PENCE sí fún àwọn pẹ́ǹsì méjì kan, nígbà tí wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ láti 1982 tí wọ́n sì fi TWO PENCE rọ́pò rẹ̀. Gbogbo wọn, ọ̀nà kan ni wọ́n gbà wá: òǹtẹ̀ àtijọ́ tàbí òǹtẹ̀ ibòmíràn tí ó bá ẹ̀rọ mu ni.

A padà sí ilé. Lẹ́yìn ìgbà tí a mọ̀ pé a ti ṣi ọmọ náà dá lẹ́jọ́, a lọ kí ìyá kan tí a mọ̀ ní Abẹ́òkúta, a sì bi wọ́n bí wọ́n bá ní owó àtijọ́ nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. 'Ẹ̀yin tíṣà, kí ni ẹ fẹ́ fi rà?' Wọ́n gbé agolo sìgá kan jáde, wọ́n dà á sórí ẹní. Ó lé ní ọgọ́rin ẹyọ. Inú agolo yìí ni a ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ nísinsìnyí, nítorí pé owó wẹ́wẹ́ kò sí nínú àpò ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta mọ́. Agolo, àpótí, àti abẹ́ ilẹ̀ ilé tí a wó ni à ń bá a.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó fa ojú wa mọ́ra ni kọ́bọ̀ kan tí ó ní ihò méjì. A kọ́kọ́ yọ̀. Nígbà tí a fi ọwọ́ pa á, a rí i pé etí ihò àárín dán, ó sì tẹ́jú, ṣùgbọ́n ihò kejì, èyí tí ó wà nítòsí adé, etí rẹ̀ yọ sókè ní ẹ̀yìn bí ìgbà tí a bá fi ìṣó lu agolo. Ó sì la àárín lẹ́tà kan kọjá. Ìyá ní ọrùn ọmọ ni wọ́n so ó mọ́ nígbà kan. Ilé ìrọwó kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: ihò tí ẹ̀rọ lu ti wà kí wọ́n tó tẹ àwòrán, nítorí náà àwòrán a yàgò fún un tàbí kí ó ṣàn yí i ká, ihò tí a lu nílé a ba ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Òfin kan náà ni a lò fún àwọn yòókù. Ìlà tí ó yọ sókè lè jẹ́ ti òǹtẹ̀ tí ó sán. Ìlà tí ó jìn wọnú, ọ̀bẹ tàbí òkúta ni. Ṣílè kan wà tí ó fẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí ó sì fẹ́lẹ́: òòlù alágbẹ̀dẹ ni ó tẹ́ ẹ, bóyá ó fẹ́ fi ṣe òrùka. A mọ̀ nítorí pé àwọn lẹ́tà náà fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilé ìrọwó, àwọn lẹ́tà ìbá wà bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n wà. Tọ́rọ́ kan dúdú kirikiri, iná ni. Kọ́bọ̀ kan tí ọdún rẹ̀ ti pa rẹ́, ọwọ́ ènìyàn ni ó pa á rẹ́ nínú ọjà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì lè pe ìyẹn ní owó tí kò ní ọdún. Ẹ má ṣe fi yanrìn tàbí ọṣẹ líle fọ wọ́n. Ẹni tí ó bá fọ owó ti pa ẹlẹ́rìí.

Ṣílè méjì kan ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Ojú rẹ̀ rí múlọ́múlọ́, ihò wẹ́wẹ́ bí ihò abẹ́rẹ́ kún ara rẹ̀, ìlà kan sì yí etí rẹ̀ po bí ojú ibi tí a ti so nǹkan méjì pọ̀. Nígbà tí a gbé e lé òṣùwọ̀n, ó fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ayédèrú ni, a dà á sínú ẹ̀dà amọ̀ ni, wọn kò fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí owó ti di idẹ ní 1920 ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nítorí pé dída idẹ kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn oníṣọ̀nà wa. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń pe owó ayédèrú ní owó Ìjẹ̀bú nígbà náà. Àwa kò fara mọ́ orúkọ náà, nítorí pé kò sí ìlú tí kò sí nínú òwò náà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá a pàdé nínú ìtàn, ó yẹ kí olùkọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe àti ayédèrú kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹni tí ó ṣe èkíní kò mọ̀, ẹni tí ó ṣe èkejì mọ̀.

Owó kọ́bọ̀ ti náírà wà nínú agolo náà pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nítorí àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́ùn àti ṣílè. Náírà méjì ni wọ́n fi rọ́pò pọ́ùn kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: pọ́ùn kan jẹ́ òjìlérúgba kọ́bọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n igba kọ́bọ̀ tuntun ni náírà méjì. Orúkọ kan náà, iye ọ̀tọ̀. Ṣílè, tí í ṣe kọ́bọ̀ méjìlá lánàá, di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀. Àwọn ènìyàn kò sì fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń wo kọ́bọ̀ mẹ́wàá tí a kọ orúkọ Nàìjíríà sí, wọ́n ń pè é ní ṣílè. Bí ìbéèrè bá wí pé, 'Kọ́bọ̀ mélòó ni ó wà nínú sísì?' ìdáhùn méjì ni ó tọ́, mẹ́fà àti márùn-ún, àfi bí olùṣètò ìbéèrè bá sọ ìgbà tí ó ń bèèrè. A ti rí ibi tí wọ́n ti gba ọ̀kan tí wọ́n sì fa igi lé èkejì.

Nínú owó 1991, èyí tí wọ́n fi irin ṣe tí wọ́n sì fi níkẹ́ẹ̀lì bò, a rí náírà kan tí awọ rẹ̀ ti bó tí ó sì dípẹtà. Mágnẹ́ẹ̀tì fà á bí ó ti yẹ. Ìpẹtà ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ní 2007 wọ́n tún gbé owó onírin jáde, títí kan náírà méjì, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò gbà á tọkàntọkàn, a kò sì rí ọ̀kan nínú agolo Ìyá.

Kọ́bọ̀ 1936 jẹ́ mẹ́rin nínú agolo náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Edward. A yí i sí oòrùn, a ka orúkọ ọba náà yí ihò ká, a sì wá ibi tí H máa ń wà. Bí ó bá ní H, a ó ní láti fi ojú rẹ̀ wé ojú kọ́bọ̀ mìíràn láti mọ̀ bóyá ti Ìlà-Oòrùn ni. Kò ní H, kò ní KN. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rọ ọ́, ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì bá ara wọn mu. A sọ fún Ìyá pé owó gidi ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn ni àwọn ná an. A kó gbogbo rẹ̀ padà sínú agolo, a sì bá wọn dé e.